Ọmọ Ìkòròdú ti dé òfurufú: kí ni iṣẹ́ àwọn olówó bílíọ̀nù yìí mú wá fún wa?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ni mí ní Ìgbógbó, ìmọ̀ físíìsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti ìgbà tí Olóyè Owólabí Salis, agbẹjọ́rò tó jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, ti bá rọ́kẹ́ẹ̀tì New Shepard ti ilé iṣẹ́ Blue Origin lọ sí òfurufú ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọjọ́ Àìkú ni, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa níbí, òwúrọ̀ sì ni ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas níbi tí wọ́n ti gbéra. Àwọn ọmọ tó ní fóònù wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, àwọn tí kò ní wò ó lẹ́yìn náà, títí tí gbogbo wọn fi mọ ìgbà tí páráṣúùtì mẹ́ta máa ń ṣí àti bí eruku ṣe máa ń sọ lálá nígbà tí yàrá èrò bá fẹ́ kanlẹ̀.

Inú mi dùn gan-an pé ọmọ ìlú wa wà lára àwọn mẹ́fà tó jókòó sínú yàrá náà, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ayọ̀ yẹn kù. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tó kọjá, òbí kan dìde, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ìrìn àjò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí àwọn olówó ń san owó gọbọi fún, lè ṣe fún ọmọ òun tí kò rí ìwé físíìsì rà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn mìíràn ní ìlara ló ń bá a jà. Èmi tí mo dúró níwájú wọn kò rí èsì tó tẹ́ èmi alára lọ́rùn.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síbí. Kí ni Jeff Bezos tó dá Blue Origin sílẹ̀, Elon Musk tó dá SpaceX sílẹ̀ àti Richard Branson tó dá Virgin Galactic sílẹ̀ ṣe gan-an tí ìjọba kò ṣe rí? Ṣé owó àpò wọn ni wọ́n ń ná ni, àbí owó ìlú? Níbo ni ọ̀rọ̀ náà sì ti kan àwa tí a wà ní Ìkòròdú, yàtọ̀ sí pé ọmọ wa kan ti gòkè? Ẹ jọ̀wọ́, èsì tí mo lè gbé síwájú ọmọ ọdún 16 ni mo ń wá. N kò wá ìyìn, n kò sì wá èébú.

Ẹnjiníà, Agric, Ìkòròdú

Olùkọ́ wa, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Mo kàwé ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ mí lógún gidigidi, nítorí náà ẹ fara dà á bí ó bá gùn.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ni pé oríṣi ìrìn àjò méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra wọn púpọ̀. Ti Olóyè Salis, tí í ṣe irú èyí tí Bezos fúnra rẹ̀ lọ ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2021, jẹ́ ká gòkè ká sì sọ̀ kalẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì á gbé wọn kọjá 100 kìlómítà, níbi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òfurufú ti bẹ̀rẹ̀; wọ́n á léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sì padà balẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti gbéra. Branson ti ṣáájú Bezos lọ ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ṣùgbọ́n bíi 86 kìlómítà ni ọkọ̀ Virgin Galactic tirẹ̀ dé, èyí tó kọjá 80 kìlómítà tí Amẹ́ríkà fi ṣe ààlà tiwọn. Oríṣi kejì ni kí ọkọ̀ máa yípo ayé láìkanlẹ̀, èyí sì ń béèrè eré tó tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, nígbà tí ti New Shepard kì í ju bíi 3,700 lọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sọ eré kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí wọ́n wá fi èyí tó kéré pín èyí tó pọ̀, wọ́n á rí i pé agbára tí oríṣi kejì ń béèrè fún ẹrù kan náà ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 50. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé iṣẹ́ SpaceX ti Elon Musk ti yọrí.

Ohun tí SpaceX ṣe tí mo kà sí jù lọ ni pé wọ́n mú rọ́kẹ́ẹ̀tì padà wálé. Ṣáájú ìgbà náà, yàtọ̀ sí ọkọ̀ Space Shuttle ti NASA, àjọ òfurufú ìjọba Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tún lò ṣùgbọ́n tí àtúnṣe rẹ̀ ń gbówó bí nǹkan míì, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ti gbé ẹrù dókè ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, inú òkun ló máa ń já sí. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ojú omi tó kó èrò láti Ìpakodò dé Marina, tí wọ́n sì rì í síbẹ̀ kété tí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tó lọ kan òmíràn fún èrò ọ̀sán. Ta ni yóò lè san owó ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015 ni Blue Origin kọ́kọ́ mú New Shepard padà balẹ̀ ní òòró. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, Falcon 9 ti SpaceX gbé sátẹ́láìtì 11 lọ láti máa yípo ayé, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yí padà lókè, ó tún iná dá, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ ní Cape Canaveral. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n fi ọ̀kan tó ti lọ rí gbé ẹrù mìíràn lọ. Láti ìgbà náà ni owó gbígbé ẹrù lọ sókè ti ń já wálẹ̀.

Ní ti owó tí ẹ béèrè, Olùkọ́, owó méjèèjì ló wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ mọ bí wọ́n ṣe pín. Musk dá SpaceX sílẹ̀ ní 2002 pẹ̀lú owó tirẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́, Falcon 1, kùnà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yọrí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, nígbà tí owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni NASA gbé iṣẹ́ kíkó ẹrù lọ sí ibùdó òfurufú àgbáyé fún wọn, ìrìn àjò 12 fún bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà ni ìyẹn. Bezos ní tirẹ̀ sọ ní 2017 pé òun ń ta nǹkan bíi bílíọ̀nù 1 dọ́là lára ìpín Amazon òun lọ́dọọdún láti fi gbọ́ bùkátà Blue Origin, síbẹ̀ ní 2023 òun náà gba iṣẹ́ bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lọ́wọ́ NASA láti kan ọkọ̀ tí yóò gbé èèyàn balẹ̀ sórí òṣùpá. Ẹni tó bá sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn olówó yìí dá a ṣe, ẹ má gbà fún un. Ẹni tó bá sì ní owó ìlú ni wọ́n kàn ń jẹ, ẹ má gbà fún òun náà, nítorí pé láti 2011 tí Space Shuttle ti fẹ̀yìn tì títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2020 tí Crew Dragon ti SpaceX gbé àwọn èèyàn NASA méjì lọ, Rọ́ṣíà ni Amẹ́ríkà ń sanwó fún láti bá wọn gbé èèyàn, owó ìjókòó kan sì lé ní mílíọ̀nù 80 dọ́là nígbà tó yá. Ìjọba sanwó, ó sì rí ọjà rẹ̀ gbà.

Ibi tó wá kàn wá nìyí. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2017, Falcon 9 gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ NigeriaEduSat-1 lọ sókè. Àpótí kékeré ni, òró rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 níkọ̀ọ̀kan, kò sì wúwo ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 1 lọ. Àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á. FUTA ló ni ín, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ Kyushu Institute of Technology ní Japan, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, Gánà, Mòǹgólíà àti Bangladesh ti jọ kan tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó yípo ayé títí di 2019 kó tó já wọ inú afẹ́fẹ́, tó sì jóná. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, mo ka àpótí yẹn sí ju ìjókòó kankan nínú New Shepard lọ, nítorí ẹni tó jókòó sínú New Shepard, èrò ni, kò sí ohun tó ń wà, kò sì sí ohun tó kàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ wa ló so wáyà àpótí yẹn.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ẹ̀pẹ́

Ẹnjiníà, ọmọ mi, mo kí ọ. O ṣe àlàyé tó yè kooro, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fò, òun ló sì ń dùn mí.

Ní 2001, Dennis Tito, olówó ará Amẹ́ríkà, san nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là fún àwọn ará Rọ́ṣíà kí wọ́n gbé òun lọ sókè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Mark Shuttleworth láti Gúúsù Áfíríkà san irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó lọ. N kò bá wọn jà, owó wọn ni. Ohun tí mo ń béèrè ni ẹni tó fún wọn ní àṣẹ orí ojú ọ̀run tí gbogbo wa jọ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn apẹja pè mí jáde ní etí ọ̀sà wa níbí pé kí n wá wo nǹkan. Mo rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó tò ní ìlà kan gbọọrọ, tí wọ́n ń lọ láìyẹsẹ̀, láìpariwo, láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń kú bó ti ń dé ibì kan náà lókè. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi ṣàlàyé fún mi pé sátẹ́láìtì Starlink ti Musk, tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn apẹja yẹn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀run yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà lóru.

Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2024, òrùka irin ńlá kan já láti òfurufú sí abúlé Mukuku ní Kẹ́ńyà, ó wúwo tó nǹkan bíi 500 kìlógíráàmù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, rọ́kẹ́ẹ̀tì Starship ti SpaceX túká lókè, àfọ́kù rẹ̀ sì já sí erékùṣù Turks and Caicos. Bí irú rẹ̀ bá já sórí ọkọ̀ apẹja ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lọ́la, ọ̀dọ̀ ta ni opó rẹ̀ yóò lọ? Ṣé ọ̀dọ̀ Musk ni?

Oníkọ̀ǹpútà, Sábó, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti iṣẹ́ mi kún un.

Mo ní ilé ìtajà kọ̀ǹpútà níbi tí àwọn ọmọ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò, tí wọ́n sì ń tẹ ìwé. Ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń lọ nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lọ gan-an, tí àwọn ọmọ á fi tò dé ojú títì, tí àwọn kan á sì padà sílé láìforúkọ sílẹ̀. Nígbà tí Starlink wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n dé, mo dúró díẹ̀ kí n tó rà á, nítorí ó wọ́n. Àwo rẹ̀ wà lórí páànù mi báyìí, ó kọjú sí ọ̀run níbi tí igi kò ti dí i, gbogbo ohun tó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi ni iná. Sátẹ́láìtì wọn kò ga ju nǹkan bíi 550 kìlómítà lọ, nígbà tí NigComSat-1R, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ ti Nàìjíríà, wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà. Ìdí nìyẹn tí èsì fi ń tètè padà. Nítorí pé wọ́n sì súnmọ́lé, kò sí èyí tó lè dúró sójú kan lókè wa, àfi kí wọ́n pọ̀ kí òmíràn lè máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tó ń lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n nílò, 60 ni wọ́n kó lọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Bí kì í bá ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àtúnlò tí Ẹnjiníà ń sọ, kò sẹ́ni tí owó rẹ̀ ká a.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀ sí ti Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ ẹnì kan ni ó wà. Bí ó bá yí ọkàn rẹ̀ padà nípa iye owó tàbí nípa ẹni tí yóò tà fún, kò sí ìpàdé tí èmi lè jókòó sí láti bá a jiyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ìkòròdú

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè. Bí òòfà ilẹ̀ kò bá sí mọ́ ní 100 kìlómítà tí wọ́n fi ń léfòó, kí ló tún fà wọ́n padà sílẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì, Ìgbógbó

Ọmọ mi, o ṣeun, ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Òòfà ilẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Ní 100 kìlómítà sókè, ó ṣì tó nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 èyí tó wà nílẹ̀ níbi tí o jókòó sí. Gba ìgò omi oníke kan, fi ìṣó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, rọ omi kún un, kí o sì ṣí ìdérí rẹ̀. Omi á máa tú jáde. Wá gun orí àga, kí o jẹ́ kí ìgò náà já bọ́ láti ọwọ́ rẹ, kí ẹnì kejì rẹ máa wo ihò náà dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tí ìgò bá ń já bọ̀, omi kò ní tú jáde rárá, nítorí ìgò àti omi jọ ń já bọ́ ní eré kan náà, èkíní kò ti èkejì. Bí àwọn mẹ́fà yẹn ṣe wà nínú yàrá èrò nìyẹn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ẹ́ńjìnnì ti kú, yàrá náà sì ti já ara rẹ̀ gbà lára rọ́kẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, ó ń lọ sókè pẹ̀lú eré tó kù lára rẹ̀, òòfà sì ń fà á láti ìsàlẹ̀, títí tó fi dé góńgó tó sì yí padà. Àwọn tó ń yípo ayé náà, jíjábọ́ ni wọ́n ń já bọ́, ṣùgbọ́n eré wọn pọ̀ débi pé bí wọ́n ti ń já bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn.

Ẹnjiníà, mo ń dúró de èsì yín fún Bàbá, nítorí òbí tó dìde níbi ìpàdé wa yóò béèrè ohun kan náà.

Ẹnjiníà, Agric, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìbéèrè yín ní èsì nínú òfin, inú mi sì dùn pé ẹ bi í.

Ìwé àdéhùn àgbáyé kan wà lórí òfurufú láti ọdún 1967, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ó sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè fi òfurufú ṣe tirẹ̀, ó sì sọ pé ohunkóhun tí ilé iṣẹ́ aládàáni bá ṣe níbẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni yóò fún un láṣẹ, tí yóò máa ṣọ́ ọ, tí yóò sì dáhùn fún un. Àdéhùn mìíràn tẹ̀ lé e ní 1972, tó ní bí ohun tí orílẹ̀-èdè kan gbé lọ sókè bá já sórí ilẹ̀ tó sì ba nǹkan jẹ́, orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ san án, kò pọn dandan kí a fi hàn pé ó ṣe àìbìkítà. Nítorí náà, opó náà kò ní lọ sọ́dọ̀ Musk. Ìjọba Nàìjíríà ni yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ìjọba Amẹ́ríkà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí: ní 1978, sátẹ́láìtì Cosmos 954 ti ìjọba Soviet, tó gbé èròjà átọ́míìkì, já sí àríwá Kánádà, wọ́n sì gbà ní 1981 láti san mílíọ̀nù 3 dọ́là Kánádà. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́, ìjọba tí kò bá sì mọ ohun tó ń lọ lókè orí rẹ̀ kò lè dá ẹni tó ni àfọ́kù mọ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí NASRDA, àjọ òfurufú ìjọba Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ní ẹ̀rọ àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ ojú òfurufú nìyẹn, kí ó tó di pé wọ́n rán ẹnikẹ́ni lọ wo ayé láti ojú fèrèsé.

Èéfín náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò béèrè rẹ̀. New Shepard ń jó háídírójìn àti ọ́síjìn olómi, omi ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń tú jáde. Kẹrosíìnì tí wọ́n yọ́ mọ́ dáadáa ni Falcon 9 ń jó, ó sì ń fi èédú sílẹ̀ ní òkè réré níbi tí òjò kì í ti í wẹ̀ ẹ́ kúrò. Bí ìrìn àjò ti ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà yóò máa le sí i.

Olùkọ́, nípa òbí tó dìde: ẹ sọ fún un pé ní 2024, NASRDA bọ́wọ́ lùwé àdéhùn pẹ̀lú SERA, àjọ aládàáni kan tó ń ṣètò ìrìn àjò òfurufú, kí ọmọ Nàìjíríà kan lè gba ìjókòó nínú New Shepard. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bá gbà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ lẹ́tà sí NASRDA ní Àbújá, kí wọ́n béèrè irú ìwádìí tí ẹni tí wọ́n bá yàn yóò gbé dání fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí yóò fi léfòó, àti bóyá ilé ẹ̀kọ́ girama lè dá èrò tirẹ̀ wá. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè wá sí Ìgbógbó lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan láti bá wọn kọ ọ́.